Wyhl ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe Fukushima

Tí mo bá ti rí ẹni tó ní Fukushima, jàǹbá ilé iṣẹ́ iná núkílíà tó ṣẹlẹ̀ ní Japan ní 2011, ló pa iná núkílíà ní Jámánì, inú máa ń bí mi díẹ̀, torí igi tí wọ́n ti ń gé láti 1975 ni Fukushima wá kàn tì ṣubú.

Ẹ wo Wyhl, abúlé kan létí odò Rhine. Ìjọba ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg láwọn máa kọ́ ilé iṣẹ́ iná núkílíà síbẹ̀, àwọn tó sì kọ́kọ́ yarí, àwọn àgbẹ̀ tó ń gbin àjàrà wà níwájú níbẹ̀. Lára ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù jù ni èéfín omi tó máa máa tú jáde lórí ilé gogoro tí wọ́n fi ń mú omi ilé iṣẹ́ náà tutù, wọ́n ní á sọ gbogbo àyíká di kùrukùru, oòrùn ò ní ráyè ta sí àjàrà àwọn mọ́. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ òòjọ́ ti wọ̀ ọ́ nìyẹn o. Ní February 18, 1975, wọ́n lọ dúró síwájú katapílà. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ọlọ́pàá fi omi lé wọn dànù, àṣé wọ́n kàn ń pe èrò sí i ni, nígbà tó fi máa di Sunday, nǹkan bí 28,000 èèyàn ló ya wọ ibẹ̀ padà, wọ́n sì sùn síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Filbinger tó jẹ́ olórí ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní tí wọn ò bá kọ́ ọ, iná á bẹ̀rẹ̀ sí í kú kí ẹ̀wádún yẹn tó parí. Wọn ò kọ́ ọ. Iná ò kú.

Àmọ́ ìwọ́de nìkan kọ́, ìbò ni ìjọba ń bẹ̀rù. 1980 ni ẹgbẹ́ òṣèlú Green, tó ń ta ko núkílíà, dìde, 1983 wọ́n ti wọ ilé ìgbìmọ̀, 1998 wọ́n dé ìjọba. Merkel, olórí ìjọba Jámánì nígbà yẹn, sún ọjọ́ tí wọ́n máa ti àwọn ilé iṣẹ́ núkílíà pa síwájú ní 2010, Fukushima ṣẹlẹ̀ ní March 2011, oṣù yẹn gan-an ni wọ́n dìbò ní Baden-Württemberg, ìpínlẹ̀ Wyhl yìí náà, ẹgbẹ́ Merkel pàdánù ibi tí wọ́n ti ń ṣàkóso látọdún 1953. Ṣé Fukushima nìkan nìyẹn?

Ohun tó dùn mí ni pé April 2023 ni wọ́n pa ilé iṣẹ́ núkílíà mẹ́ta tó kù, èédú ṣì ń jó. January ọdún yẹn kan náà, ọlọ́pàá ń wọ́ àwọn ọ̀dọ́ jáde ní abúlé Lützerath kí wọ́n lè wa èédú abẹ́ ẹ̀, Green sì wà nínú ìjọba.