Irinṣẹ́ tó lóye kóòdù kò tíì gbaṣẹ́ lọ́wọ́ grep

Ìgbàgbọ́ kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwa tí à ń fi olùrànlọ́wọ́ AI kọ kóòdù: pé bí àkójọ kóòdù bá ti tóbi, wíwá ọ̀rọ̀ lásán bíi ti grep, irinṣẹ́ tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì, kò wúlò mọ́, àti pé bí a bá ti fún olùrànlọ́wọ́ náà ní irinṣẹ́ tó mọ ibi tí wọ́n ti kọ function kọ̀ọ̀kan (abala kóòdù tó ní orúkọ tirẹ̀, tó ń ṣe iṣẹ́ kan) àti gbogbo ibi tí wọ́n ti ń pè é, iṣẹ́ rẹ̀ yóò dára sí i dandan. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tí a fi ń dán àwọn irinṣẹ́ wọ̀nyí wò ló sì jẹ́ kí ó jọ òótọ́.

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Láti ọdún 1973 tí Ken Thompson ti kọ grep ní Bell Labs, lẹ́tà nìkan ló ń wò, kì í wo ìtumọ̀. Bí olùrànlọ́wọ́ bá fi í wá function tó ń jẹ́ save nínú àkójọ onímílíọ̀nù ìlà, gbogbo save ni yóò kó wá, títí kan èyí tó fara pamọ́ sínú saved. Irinṣẹ́ tó ń lo Language Server Protocol, ìlànà tí olóòtú kóòdù fi ń béèrè ìtumọ̀ kóòdù, tí Microsoft kéde ní 2016, lè ya save ti class kan (àkójọpọ̀ function tó jọ ń ṣiṣẹ́) sọ́tọ̀ kúrò lára ti òmíràn. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, èmi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo function kan nínú èdè kóòdù Python tó ń jẹ́ export_invoice. Irinṣẹ́ olóye sọ pé ibì kan péré ni wọ́n ti ń pè é. Olùrànlọ́wọ́ yí orúkọ rẹ̀ padà, ó tún ibi kan náà ṣe, ó sì ní iṣẹ́ ti parí. Kò mọ̀ pé orúkọ náà wà nínú fáìlì YAML kan (fáìlì ìṣètò tí kì í ṣe kóòdù), tí ètò náà ń kà bí ọ̀rọ̀ lásán kí ó tó fi getattr, àṣẹ Python tó ń fi orúkọ wá nǹkan, wá function náà jáde. Irinṣẹ́ olóye kò lè rí ìsopọ̀ yìí, nítorí pé kò sí níbikíbi àfi ìgbà tí ètò bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Grep tí a ní kò lóye rí i lójú ẹsẹ̀. Ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù jù nìyí: bí grep bá kó ọgọ́rùn-ún ìlà wá, olùrànlọ́wọ́ mọ̀ pé òun ní láti ṣà wọ́n; bí irinṣẹ́ olóye bá mú ìdáhùn kan ṣoṣo wá, ó gbà pé kò sí òmíràn mọ́.

Kí ló dé tí àyẹ̀wò kì í fi í tú èyí fó? Ọ̀pọ̀ ń ka iye tókìnì (ègé ọ̀rọ̀ tí AI ń kà tó sì ń kọ) tí irinṣẹ́ bá dín kù, bẹ́ẹ̀ ìdáhùn tí kò pé pàápàá ń dín tókìnì kù. Àwọn mìíràn gbára lé SWE-bench, ìdánwò fún AI tó ń tún kóòdù ṣe, tó jáde ní 2023 pẹ̀lú ìṣòro 2,294 láti inú àkójọ kóòdù Python 12, tí Django wà lára wọn. Kóòdù tó gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọ̀pọ̀ ọdún; ó ṣeé ṣe kí olùrànlọ́wọ́ ti mọ orúkọ fáìlì rẹ̀ lórí, kí irinṣẹ́ sì gba ìyìn iṣẹ́ tí kò ṣe. Nígbà mìíràn, olùrànlọ́wọ́ kò tilẹ̀ pe irinṣẹ́ náà rárá, ẹnikẹ́ni kò sì wo àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ láti mọ̀.

Àyẹ̀wò tí mo lè fọkàn tán ni èyí tó lo AI kan náà àti iṣẹ́ kan náà, pẹ̀lú irinṣẹ́ àti láìsí i, lórí kóòdù tí kò sí ní gbangba, tí wọ́n sì tún ṣe lọ́pọ̀ ìgbà nítorí pé ìdáhùn AI lè yàtọ̀ láàárọ̀ sí ọ̀sán. Ohun tí yóò wọ̀n ni bóyá àtúnṣe náà yege ìdánwò, irú ìpè tó fara pamọ́ bíi ti export_invoice kò sì gbọdọ̀ ṣaláìsí lára iṣẹ́ náà. Ní tèmi, mo ń fi irinṣẹ́ méjèèjì sílẹ̀, mo sì kọ ọ́ sínú ìtọ́ni olùrànlọ́wọ́ mi pé kí ó tó yí orúkọ kankan padà, kí ó kọ́kọ́ fi grep wá a nínú gbogbo fáìlì, pàápàá àwọn tí kì í ṣe kóòdù.