Ẹ Gbé Ìwé Ẹjọ́ Síwájú Akẹ́kọ̀ọ́

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 1906, Chester Gillette mú Grace Brown wọ ọkọ̀ lórí adágún Big Moose ní ìpínlẹ̀ New York. Ilé iṣẹ́ síkẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ ti arákùnrin bàbá Chester ni ọmọbìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ti lóyún fún un. Òkú Grace ni wọ́n yọ nínú omi. Ní 1908, wọ́n fi àga oníná pa Chester. Ẹjọ́ yìí ni Theodore Dreiser, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, sọ di ìwé ìtàn àròsọ An American Tragedy ní 1925.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kò tíì jẹ́ kí àwọn ìwé Dreiser sinmi. Lionel Trilling ní torí pé ẹ̀yìn mẹ̀kúnnù ni Dreiser wà ni àwọn lámèyítọ́ kan ṣe ń gbójú fo gbólóhùn rẹ̀ tí kò dán. Walter Benn Michaels, ní tirẹ̀, wo Sister Carrie, ìwé ìtàn àròsọ Dreiser mìíràn, ó ní ìfẹ́ owó àti ọjà ló ń gbé ìwé náà rìn, kì í ṣe pé ó ń bá a jà. A kò kóyán wọn kéré. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá ti ọ̀dọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á mọ ohun tí wọ́n sọ nípa Dreiser kó tó mọ ohun tí Dreiser ṣe.

Kí ló ṣe? Chester gidi lọ sí iléèwé ní Oberlin. Clyde, tó dúró fún un nínú An American Tragedy, kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, ọmọ oníwàásù ojú títì ni. Agbẹjọ́rò ìjọba ní rákẹ́ẹ̀tì tẹníìsì ni Chester fi lu Grace. Dreiser fi kámẹ́rà sọ́wọ́ Clyde: ó ti gbèrò láti pa Roberta, ẹni tó dúró fún Grace nínú ìwé, àyà rẹ̀ já, ó tì í sẹ́yìn, kámẹ́rà bà á lójú, ọkọ̀ dojú dé, ó sì lúwẹ̀ẹ́ lọ. Ìgbà tó yá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ agbẹjọ́rò ìjọba fa irun méjì lórí òkú, ó fi há kámẹ́rà náà kó lè di ẹ̀rí. Agbẹjọ́rò tó ń du ipò adájọ́ ńkọ́? Ìyẹn wà nínú ẹjọ́ gidi, Dreiser kò yọ ọ́. Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ da gbólóhùn inú lẹ́tà Grace kọ bó ṣe wà.

Ẹnì kan á ní ìtàn àròsọ kì í ṣe ìwé ọlọ́pàá. Bẹ́ẹ̀ ni, ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn: ibi tó ti kúrò nínú ìwé ọlọ́pàá la ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ẹ̀dà ìwé wo ni à ń kà pàápàá ṣe pàtàkì. Ní 1981 ni Yunifásítì Pennsylvania, tí àwọn ìwé Dreiser wà níkàáwọ́ rẹ̀, tẹ Sister Carrie jáde pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti gé kúrò nígbà tí ìwé náà kọ́kọ́ jáde ní 1900.

Nítorí náà, kí àwọn ẹ̀ka lítíréṣọ̀ fi àkọsílẹ̀ ẹjọ́ Gillette àti ìròyìn ìgbà náà sínú ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kà, kí àwọn ilé ìkàwé sì gbé wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ìdánwò náà yí padà. Dípò “Ṣàlàyé èrò Trilling”, ẹ fún ọmọ ní ojú ìwé kan nínú ẹjọ́ àti ojú ìwé kan nínú Dreiser, kí ó sọ ohun tó yí padà àti ẹni tí ìyípadà náà ń dá lẹ́bi.