"Tẹ̀ ẹ́ síwájú" ti sú mi

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ síwájú." Ó ti sú mi! Gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo bá lọ ní Kàbà, gbólóhùn yìí ni mò ń gbọ́ ju ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ lọ. Olùkọ́ á dúró níwájú, ọmọkùnrin kan á jókòó lẹ́yìn ti kọ̀ǹpútà tó ń gbé àwòrán ẹ̀kọ́ sára ògiri. Wọ́n ní kó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ní Ìsánlú, nọ́ọ̀sì àgbà kan ń ṣàlàyé bí a ṣe ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń ṣu gbuuru, àwòrán abẹ́rẹ́ àjẹsára ló wà lára ògiri. Àwọn ìyá tó fi oko sílẹ̀ wá ń wo ara wọn lójú. Inú bí mi gan-an.

Rìmóòtù kékeré tí olùkọ́ lè mú lọ́wọ́ fi yí àwòrán fúnra rẹ̀ sì wà fún iṣẹ́ yìí! Ẹ ki ike kékeré tó bá a wá bọ ojú USB kọ̀ǹpútà, ẹ fi bátìrì sí rìmóòtù, ó parí. Iṣẹ́ bọ́tìnnì Page Down àti Page Up orí kíbọ́ọ̀dù, tó ń yí àwòrán síwájú àti sẹ́yìn, náà ló ń ṣe. Èyí tó ń lo rédíò 2.4 GHz kò ní kẹ́ ẹ kọjú ẹ̀ sí kọ̀ǹpútà rárá. Àwọn tó ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rówó ra jẹnẹrétọ̀, wọ́n rówó se ìrẹsì fún gbogbo èèyàn, àmọ́ rìmóòtù, rárá. Ibì kan ṣoṣo tí mo ti rí i, ní Mópà, bátìrì rẹ̀ ti kú, kò sẹ́ni tó pààrọ̀ ẹ̀.