Ta ló sọ pé ọmọ tó ń kàwé nílé ń dá kàwé?

Òbí tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ nílé ní Amẹ́ríkà ti mọ ìbéèrè tó ń bọ̀ kí ẹni tó fẹ́ bi í tó la ẹnu. Kì í ṣe ìṣirò. Kì í ṣe bóyá ìyá ọmọ gbọ́ kẹ́mísírì. "Ṣé àwọn ọmọ yín ń rí ẹgbẹ́ wọn bá ṣeré ṣá?" ni. Àánú á ti hàn lójú olùbéèrè, torí àwòrán kan wà lọ́kàn rẹ̀: ìyá kan, tábìlì kan, ọmọ méjì tàbí mẹ́ta, kọ́tìnì tí wọ́n fà bo fèrèsé. Tó bá wá jẹ́ ìdílé Kristẹni, àwòrán náà á tún le sí i. Wọ́n á ní torí kí ọmọ má baà gbọ́ ohùn ẹni tí kì í ṣe ará ilé rẹ̀ ni wọ́n ṣe mú un kúrò nílé ìwé.

Èrò yẹn ní ibi tó ti wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ni òfin ò ti fàyè gba kíkọ́ ọmọ nílé, tàbí kí òfin má sọ ọ́ yanjú. Àwọn òbí kan kì í jẹ́ kí ọmọ yọjú síta títí ilé ìwé á fi pa lọ́sàn-án, kí aládùúgbò má baà lọ fi wọ́n sùn. Ní 1983 ni agbẹjọ́rò méjì, Michael Farris àti Mike Smith, dá HSLDA, àjọ tó ń gbèjà àwọn tó ń kọ́ ọmọ nílé lábẹ́ òfin, sílẹ̀ láti máa ran irú ìdílé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tó fi máa di 1993, kò sí ìkankan mọ́ nínú ìpínlẹ̀ 50 tí òfin ò ti fàyè gbà á. Nítorí náà, ẹni tó ń ro ti kọ́tìnì yẹn ń ro ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí. Àìmọ̀ pé ìgbà ti yí ló ń dà á láàmú. Lọ́dún 1999, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣírò ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ fojú bu àwọn ọmọ tó ń kàwé nílé sí nǹkan bí 850,000. Ní 2016, wọ́n ti tó nǹkan bí mílíọ̀nù 1.7. Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní 2020, ìwádìí Census Bureau, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ka èèyàn, fi hàn pé nínú àwọn ìdílé tó ní ọmọ tó tó lọ sílé ìwé, àwọn tó ń kọ́ ọmọ nílé gòkè láti 5.4% sí 11.1% láàárín oṣù díẹ̀. Ibo ni àwọn èèyàn tó pọ̀ tó báyẹn fẹ́ sá pamọ́ sí?

Ibi tí ẹ ti máa rí wọn ni gbọ̀ngàn ìjọ, láàárín ọ̀sẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjọ ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tó kún lọ́jọ́ Sunday nìkan, tó sì máa ń ṣófo ní ọjọ́ mẹ́fà yòókù. Àwọn ìyá á kó ọmọ dé láàárọ̀ pẹ̀lú páálí gọ́ọ̀mù, bébà, àwò amúnǹkan-tóbi, àti ọmọ ọwọ́ tó ṣì ń sun oorun. Ohun tí wọ́n ń pè ní co-op nìyẹn. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ sábà máa ń jẹ́ àfikún: orin, eré orí ìtàgé, iṣẹ́ ọnà, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì aláfọwọ́ṣe, èdè Látìn, ọ̀rọ̀ sísọ níwájú èrò. Wọn kì í já ọmọ sílẹ̀ kí wọ́n máa lọ. Ìyá tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ni yóò kọ́ báyọ́lọ́jì, bàbá tó jẹ́ ẹnjiníà á mú ìmọ̀ ẹ̀rọ, ẹni tó bá sì ní kò sí ohun tí òun lè kọ́ ẹnikẹ́ni ni wọ́n máa fún ní àwọn ọmọ ọwọ́ láti tọ́jú. (Òun ni iṣẹ́ rẹ̀ le jù, bẹ́ẹ̀ a kì í gbọ́ kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.) Àwọn kíláàsì míì wà tí òbí ń sanwó fún olùkọ́, tó lè já ọmọ sílẹ̀ kó padà wá mú un.

Ètò tó gbajúmọ̀ bíi Classical Conversations, èyí tí Leigh Bortins dá sílẹ̀ ní North Carolina lọ́dún 1997, wà láàárín méjèèjì. Àwọn ọmọ kéékèèké inú rẹ̀ ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24, àwọn ọmọ inú kíláàsì kan kì í ju 8 lọ, òbí sì máa ń jókòó sínú yàrá kan náà. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ń dìde síwájú àwọn yòókù láti sọ̀rọ̀ lórí nǹkan kan, títí kan ọmọ ọdún mẹ́rin tí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ju pé ajá òun ń jẹ́ báyìí lọ.

Èrò àkọ́kọ́ ti wó nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tí àwa tó fara mọ́ kíkọ́ ọmọ nílé sábà máa ń fún wọn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Kíá la máa ń sọ pé, "Ọmọ wa wà ní co-op, ó ní ọ̀rẹ́ níbẹ̀," bí ẹni pé ọ̀rẹ́ ni wọ́n ń lọ pín níbẹ̀. Pẹ̀lú ìdáhùn yẹn, a ti gbà fún olùbéèrè pé àìsàn kan ń ṣe ọmọ wa, àti pé kíláàsì alájùmọ̀ṣe ni oògùn rẹ̀. Ọmọ lè rí ọ̀rẹ́ nínú ìjọ, ní àdúgbò, lọ́dọ̀ àwọn ìbátan, lórí pápá bọ́ọ̀lù. Kò nílò Látìn kó tó rí ẹni bá ṣeré. Ohun tí irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ wà fún ni pé àwọn ẹ̀kọ́ kan wà tí ẹnì kan ò lè dá kọ́, bó ti wù kí ìwé rẹ̀ dára tó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ èyí tí ọmọ lè dá kọ́ kúrò. Àwọn olólùfẹ́ kíkọ́ ọmọ nílé kì í gbàgbé Rebecca Sealfon, ọmọ tó ń kàwé nílé, tó gba ipò kìíní nínú ìdíje sípẹ́lì gbogbo Amẹ́ríkà lọ́dún 1997, tàbí George Thampy tó gbà á ní 2000, tó sì ṣe ipò kejì nínú ìdíje ìmọ̀ jọ́gíráfì lọ́dún kan náà. Ó yẹ kí inú ẹni dùn sí wọn. Àmọ́ kò sí èyí tó dáhùn ìbéèrè wa, torí pé sípẹ́lì gan-an ni irú ẹ̀kọ́ tí ọmọ kan, ìwé atúmọ̀ èdè kan àti òbí onísùúrù kan lè ṣe láṣeyọrí láìsí ẹnikẹ́ni mìíràn. Ilé ni ibi tó dára jù fún un.

Orin oníhùn mẹ́rin ńkọ́? Soprano, alto, tenor, bass: ìdílé tó ní gbogbo rẹ̀ lábẹ́ òrùlé kan kò pọ̀, èyí tí wọ́n sì jọ lè kọ orin náà dáadáa tún ṣọ̀wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tó ń kọ alto gbọ́dọ̀ kọ́ láti di ohùn tirẹ̀ mú nígbà tí soprano ń kọ orin tó dùn jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí fídíò tó lè kọ́ ọ ní ìyẹn. Eré orí ìtàgé náà ò yàtọ̀.

Èyí tó wù mí jù láti sọ̀rọ̀ lé lórí ni àríyànjiyàn, torí pé òun ló tako èrò ayé jù. Àjọ NCFCA, níbi tí àwọn ọmọ Kristẹni tó ń kàwé nílé ti ń figa gbága nínú ọ̀rọ̀ sísọ, bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ HSLDA láàárín àwọn ọdún 1990, ó sì di àjọ tó dá dúró ní 2000. Àjọ kejì tó jọ ọ́, Stoa, dé ní 2009. Nínú àríyànjiyàn oníméjì-méjì wọn, kókó ọ̀rọ̀ kan, tó sábà máa ń jẹ́ lórí ètò ìjọba, ni wọ́n máa fi gbogbo sáà kàwé lé lórí. Nínú ìdíje kan náà, àwọn méjì tó jọ ń ṣe é á gbè é lẹ́yìn ní ìpele kan, wọ́n á sì ta kò ó ní òmíràn. Ọmọ ò ní yan èyí tó gbà gbọ́. Ó gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ ìwádìí fún ìhà tí kò fẹ́, kó gbé e kalẹ̀ débi tí adájọ́ á fi gbà á, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán kó tún padà wá tú u palẹ̀. Àwọn adájọ́ náà, ọ̀pọ̀ wọn ni kò mọ ọmọ náà rí: òbí ọmọ ẹlòmíràn, tàbí ará ìlú tí wọ́n kàn bẹ̀ pé kó wá gbọ́.

Ẹ gbìyànjú ìyẹn nínú ilé. Ẹ̀gbọ́n á kọjú sí àbúrò, ìyá á jẹ́ adájọ́. Ìyá ti mọ ẹni tó ṣiṣẹ́ àti ẹni tó sùn. Àbúrò ti mọ gbogbo ọgbọ́n tí ẹ̀gbọ́n máa ń dá. Kó tó di ìṣẹ́jú kẹta, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí ètò ìjọba, ó ti di ta ló jẹ bísíkítì àná. Àríyànjiyàn nílò àjèjì. Ẹni tó bá sì ní àwọn ọmọ yìí kì í gbọ́ ju ohùn kan lọ, kó lọ jókòó ti ìdíje wọn ní ọjọ́ kan péré.

Kí ọmọ jáde lọ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ àjèjì báyìí kò lòdì sí ohun tí àwọn òbí náà gbà gbọ́. Deuterónómì orí kẹfà ni wọ́n máa ń tọ́ka sí, pé kí bàbá àti ìyá fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kọ́ ọmọ wọn nígbà tí wọ́n bá jókòó nínú ilé. Ẹsẹ náà kò dúró síbẹ̀, ó ní nígbà tí wọ́n bá ń rìn ní ọ̀nà pẹ̀lú. Ọmọ ọdún 12 tí Lúùkù sì kọ ìtàn rẹ̀, àárín àwọn olùkọ́ nínú tẹ́ḿpìlì ni wọ́n ti bá a, ó ń fetí sí wọn, ó sì ń bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀.

Nǹkan kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kì í kọ sínú ìwé ìpolówó: iṣẹ́ tó ní ọjọ́ tí ẹlòmíràn dá. Ìyá lè sọ pé kí àròkọ jáde lọ́jọ́ Thursday. Ọmọ mọ̀ pé tí orí bá ń fọ́ òun, ó lè di Friday. Olùkọ́ tí kì í ṣe ìyá rẹ̀ kò mọ orí tó fọ́. Àwọn ọmọ méje yòókù ti kọ tiwọn. Mo rò pé ọ̀pọ̀ òbí ń sanwó kíláàsì ìwé kíkọ nítorí èyí nìkan, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀.

Àwọn kan á wá bọ́ sí òdìkejì, wọ́n á ní co-op ti di ilé ìwé tó yí orúkọ padà. Òfin gan-an kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ New York, òbí lè kó ọmọ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn fún àwọn iṣẹ́ kan, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀kọ́ ọmọ. Tí wọ́n bá gba olùkọ́ láti kọ́ wọn ní èyí tó pọ̀ jù, ilé ìwé aládàáni ni wọ́n dá sílẹ̀ yẹn. Ní North Carolina, inú ìdílé ọmọ, tàbí ìdílé méjì tó bá jọ ń ṣe é, ni ẹni tó ń kọ́ni gbọ́dọ̀ ti wá tẹ́lẹ̀, kó tó di pé wọ́n tún òfin náà ṣe ní 2013, tí òbí fi wá láṣẹ láti yan ẹlòmíràn mọ́ ọn. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: New York ń béèrè wákàtí 900 lọ́dún láti ìpele kìíní dé ìkẹfà. Wákàtí 4 lọ́sẹ̀ ní co-op fún ọ̀sẹ̀ 24 kò ju 96 lọ. Kò tó ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Ọwọ́ òbí ni gbogbo ìyókù wà, ibẹ̀ sì ni àwọn kan ti ń kọsẹ̀. Mo ti rí òbí tó fi ọmọ sí co-op mẹ́ta, tó wá kù ọjọ́ méjì péré tí ọmọ ń jókòó ti ìwé rẹ̀. Tí ìṣirò bá wá ń yọ ọmọ náà lẹ́nu, tí wọ́n bá ń wá ẹni tó jẹ̀bi, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ọjọ́ Tuesday kọ́.

Eré ìdárayá ní òfin tirẹ̀. Florida ti ń jẹ́ kí ọmọ tó ń kàwé nílé ṣe eré ìdárayá fún ilé ìwé ìjọba láti 1996. Ọ̀nà yẹn ni Tim Tebow, agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó kàwé nílé, gbà kó tó gba Heisman, àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó dára jù ní yunifásítì, ní 2007. Àwọn ìpínlẹ̀ kan gbà bẹ́ẹ̀, àwọn kan kọ̀.

N kò ní díbọ́n pé gbogbo rẹ̀ ló dùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ yìí máa ń ní kí òbí fọwọ́ sí ìwé ìgbàgbọ́ kó tó wọlé, nítorí náà àwọn tó jọra ló máa ń pé jọ. Ọmọ á pàdé àjèjì lóòótọ́, àmọ́ àjèjì tó ń kọ orin ìyìn kan náà. Olùkọ́ jẹ́ olùfara-ẹni-jìn: ọdún yìí ẹ lè rí ẹni tó mọ báyọ́lọ́jì bí ẹni mowó, lọ́dún tó ń bọ̀ kó jẹ́ ẹni tó ń ka ìwé náà ní ojú ewé kan ṣáájú àwọn ọmọ. Bí ìyá méjì bá jà, ẹgbẹ́ lè pín sí méjì láàárín sáà, kí eré Kérésìmesì má lè wáyé mọ́. Ọmọ tí àwọn yòókù kò bá sì gba tirẹ̀ kò ní kíláàsì B tí wọ́n máa gbé e lọ.

Nítorí náà, nígbà tí àkókò ìforúkọsílẹ̀ bá dé, mi ò ní kọ́kọ́ béèrè iye ẹgbẹ́ ọmọ mi tó wà níbẹ̀. Màá béèrè pé kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ tó nílò ju ọmọ kan lọ. Bí wọ́n bá ní kíkun ìwé àdánwò ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni, a lè ṣe ìyẹn lórí tábìlì wa nílé láìjó epo ọkọ̀. Bí wọ́n bá ní àwọn ṣì ń wá tenor méjì, ẹ jẹ́ kí n mú bàtà mi.