Ìyàwó Mẹ́fà Nínú Kéèjì

Ó ti pẹ́ tí àwa Yorùbá ti ń ṣọ́ ikùn ìyàwó tuntun. Oṣù kan lẹ́yìn ìgbéyàwó, ìyá ọkọ á máa fi ojú wọn ìyàwó láti òkè délẹ̀. Tó bá fi máa di oṣù mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ti di ti àdúrà. Bó bá wá di oṣù mẹ́fà, àwọn àbúrò ọkọ á dúró de ìgbà tí ìyàwó bá ń kọjá, wọ́n á máa bú ewúrẹ́ ilé pé ó ń jẹ lásán, kò bímọ. Mo rò pé ojú ti là, a ti fi ìwà yẹn sílẹ̀. Àṣé a kàn ṣí kúrò lọ́dọ̀ èèyàn ni. Adìyẹ ló kàn.

Ẹ wọ èyíkéyìí nínú àwọn ẹ̀sítéètì tó wà ní Akóbọ̀ tàbí Olúyọ̀lé n'Íbàdàn lónìí, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ kọjá sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí wọ́n ń sá aṣọ sí tẹ́lẹ̀. Ẹ ó bá kéèjì níbẹ̀. Adìyẹ mẹ́fà ló máa wà nínú rẹ̀, nígbà mìíràn mẹ́jọ, ọ̀gá ilé á sì dúró tì wọ́n nínú ṣòkòtò péńpé, á káwọ́ lẹ́yìn. Ẹ ò ní tíì kí i tán tí á fi sọ pé, "Wọn ò tíì yé o, àmọ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yìí ò ní rékọjá." Ohun tó sọ fún yín lọ́sẹ̀ tó kọjá náà nìyẹn.

Owó ẹyin ló dá a sílẹ̀. Lọ́dún 2020, ẹni tó bá mú nǹkan bí 1,000 náírà lọ sọ́jà á gbé kíréètì ẹyin bọ̀, ọgbọ̀n ẹyin gbáko. Nígbà tó fi máa di 2024, kíréètì kan náà ti lé ní 5,000 náírà. Inú bí gbogbo wa. Mẹ̀kúnnù bínú, ó fi ẹyin sílẹ̀, ó padà sídìí gaàrí rẹ̀. Ọlọ́lá bínú, ó ra kéèjì. Owó kéèjì yẹn nìkan ì bá sì bọ́ ilé rẹ̀ ní ẹyin títí di Iléyá ọdún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún un?

Ọbásanjọ́ náà tún bá wa dá kún un. Láti ìgbà tí bàbá ti gbé ìjọba fún Ṣàgàrí lọ́dún 1979, tó sì gba oko lọ ní Ọ̀tà lọ sin adìyẹ, kò sí ọ̀gá báǹkì tó fẹ̀yìn tì tí kì í rò pé ipò òun náà ti tó ti ẹni tó yẹ kó ní adìyẹ. Bàbá fi adìyẹ ṣe iṣẹ́ ni o. Àwọn tiwa fi ń ṣe WhatsApp status.

Ọ̀kan wà ládùúgbò wa, Ọ̀gá Lẹ́yà là ń pè é lẹ́yìn; lẹ́yà ni adìyẹ tí wọ́n ń sìn fún ẹyin. Ó ra adìyẹ mẹ́fà, Isa Brown pupa márùn-ún àti Noiler kan, irú èyí tí wọ́n ń pa ọmọ rẹ̀ láti inú ẹyin ní Awẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́. Àwọn tó ń tà á ń pè é ní point of lay: adìyẹ ọ̀sẹ̀ 16 sí 18, tí ara rẹ̀ ti gbó díẹ̀, tó ti ń múra sílẹ̀. Isa Brown sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yé láàárín ọ̀sẹ̀ 18 sí 20, òmíràn á sì fà á dé 22. Ẹni tó tà á fún Ọ̀gá ní kó ṣe sùúrù. Ọ̀gá dúpẹ́, ó délé, ó ra àwo tí yóò máa kó ẹyin sí kó tó ra abọ́ tí wọn yóò fi mumi.

Ó sọ wọ́n lórúkọ. Oríkì ló fún wọn: Àníkẹ́, Àjọkẹ́, Àdùkẹ́, Àṣàkẹ́, Àlàkẹ́. Noiler ni Àbẹ̀kẹ́. Àwọn ìbejì tó bí nínú ara rẹ̀, mi ò gbọ́ kó pè wọ́n lóríkì rí.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ ìyá ọkọ wá bẹ̀rẹ̀. Àmì wà lára adìyẹ tó fẹ́ yé, irọ́ kọ́. Ogbe orí rẹ̀ tó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀ á tóbi, á pupa fòò, èyí tó so rọ̀ lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ náà á pọ́n. Bí ẹ bá gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, kò ní sá mọ́, á lúgọ mọ́lẹ̀, á ya ìyẹ́ méjèèjì díẹ̀, ó rò pé àkùkọ ló dé. Egungun méjì tó wà nídìí rẹ̀, tó fún mọ́ra nígbà tó wà lọ́mọdé, á ya síra. Tó bá ti gba ìka ọwọ́ méjì dáadáa, ẹyin ò jìnnà mọ́. Aládìyẹ tó mọ iṣẹ́ á wo ìwọ̀nyí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀gá Lẹ́yà ń wò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, ṣáájú oúnjẹ àti lẹ́yìn oúnjẹ. Ọkùnrin tó bímọ mẹ́rin tí kò nu ìdí ọ̀kankan rí! Òun ló wá gbé adìyẹ sórí itan, tó fi ìka wọn ìdí rẹ̀, tó ń kọ ọ́ sínú ìwé.

Nínú gbogbo wọn, Àbẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ fi àmì hàn. Ogbe rẹ̀ pọ́n kí ti àwọn yòókù tó mọ ohun tó ń jẹ́ pípọ́n. Ó ga jù wọ́n lọ, àyà rẹ̀ fẹ̀, ó ń rìn bí ẹni tó nilé. Ọ̀gá ní, "Ẹ ò rí i? Èyí ló máa kọ́kọ́ yé." Bí Àbẹ̀kẹ́ ṣe di ààyò nìyẹn. Ọ̀tọ̀ ni abọ́ tirẹ̀, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ rẹ̀ kì í ṣaláìdé lójoojúmọ́. Àlàkẹ́ tó kéré jù, tí àwọn yòókù ti ṣá lórí títí ìyẹ́ fi re tán níbẹ̀, ó wà ní kọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó fi ìka kan kàn án.

Ìyàwó rẹ̀ bi í lálẹ́ ọjọ́ kan pé, "Bàbá Ìbejì, ṣé adìyẹ lè yé láìsí àkùkọ lọ́dọ̀ ẹ̀ ni?" Ọ̀gá rẹ́rìn-ín ẹlẹ́yà, ó ní àkùkọ kì í yé ẹyin, pé ọmọ pípa nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Adìyẹ á yé láìrí àkùkọ sójú láyé rẹ̀, ẹyin náà ni kò ní pa. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó tọ̀nà tó sọ láti ọjọ́ tó ti kó adìyẹ délé nìyẹn, ẹ ó sì gbọ́ bí ó ṣe padà bọ̀ wá bá a.

Ẹnì kan ló tún lọ sọ ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ fún un. Ìmọ́lẹ̀ a máa gba agbárí adìyẹ wọ ọpọlọ rẹ̀, láti ibẹ̀ ni àṣẹ ti ń lọ sí ilé ẹyin. Adìyẹ tó ti ń yé ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ wákàtí 14 sí 16 lójúmọ́, ojúmọmọ Ìbàdàn kò sì jìnnà sí wákàtí 12 jálẹ̀ ọdún, ìdí nìyí tí àwọn oko ńlá fi ń tan gílóòbù fún wọn. Ṣùgbọ́n èyí tí ara rẹ̀ kò tíì gbó, bí wọ́n bá fi iná kán an lójú, á yé kó tó tó yé, ẹyin rẹ̀ á kéré, ìdí rẹ̀ lè yọ síta. Apá ibí yìí ni Ọ̀gá ò dúró gbọ́. Gílóòbù mẹ́ta ló so.

Band A, ìyẹn ìpele àwọn tó ń rí iná jù, sì ni àdúgbò wa o, àwa tí wọ́n gbé owó iná wa láti nǹkan bí 68 náírà lọ sí 225 náírà fún yúnìtì kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Láti ọjọ́ yẹn ni Ọ̀gá ti fòfin de áyọ́ọ̀nù nínú ilé, ọmọ tó bá gbàgbé fáànù sílẹ̀ á gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ rí. Ìyá rẹ̀ wá kí wọn láti Ìsẹ́yìn. Màmá jókòó nínú òkùnkùn ní yàrá àlejò, wọ́n ń gba ojú fèrèsé wo ẹ̀yìnkùlé tó mọ́lẹ̀ yòò ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Wọ́n ní, "Àkànmú, ṣé àwọn adìyẹ yìí ń kàwé ìdánwò ni?"

Màmá mọ adìyẹ. Nílé wọn, àgbàdo ẹ̀kúnwọ́ kan láàárọ̀, àkísà pupa lẹ́sẹ̀ kí ara ilé kejì má bàa pè é ní tirẹ̀, ó parí. Ọjọ́ tó bá wu adìyẹ, á wọ abẹ́ ibùsùn tàbí ẹ̀yìn àmù, igbe rẹ̀ ni wọ́n á gbọ́. Òótọ́ ni pé adìyẹ ìbílẹ̀ kì í yé ju bíi mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ kó tó sàba lé e, Isa Brown sì lè yé ju 300 lọ lọ́dún kan, kò sì ní rántí pé ohun kan wà tó ń jẹ́ ìsàba. Ṣùgbọ́n màmá ò bẹ adìyẹ rí.

Ọ̀gá ń bẹ̀ wọ́n. Ó bọ́ wọn ní layer mash, oúnjẹ adìyẹ tó ti ń yé, láti ọjọ́ àkọ́kọ́, nígbà tó jẹ́ pé oúnjẹ grower, ti adìyẹ tó ṣì ń dàgbà, ló tọ́ sí wọn. Kálísíọ́ọ̀mù tó wà nínú layer mash, èèpo ẹyin ni wọ́n fi í sí fún. Adìyẹ tí kò tíì ní èèpo tó ń ṣe, kíndìnrín rẹ̀ ni yóò gba ìyà. Ó da aáyù sínú omi wọn, ó da ewé mọ̀ríńgà, ó ní kí àwọn wòlíì bá òun gbàdúrà sí òróró kan. Àwọn wòlíì ní kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ó gbà á, àwọn adìyẹ ń jẹun. Lùkúlùkú tó máa ń pa adìyẹ lọ bẹẹrẹ nígbà ọyẹ́, èyí tó yẹ kó máa bà á lẹ́rù, kò tilẹ̀ bèèrè bóyá wọ́n ti fún wọn ní Lasota, àjẹsára rẹ̀.

Àwọn ìyáàfin náà ò gbẹ́yìn. Níbi òde àríyá ní Sátidé, bí ìkan bá ti jẹ mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin, á yọ ẹyin rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, á ní òun ò lè jẹ ẹyin ọjà mọ́, organic ni tòun ń bọ̀. Organic wo? Àpò layer mash tí oko ńlá ń rà náà ni tiwọn ń jẹ, ọ̀dọ̀ ẹni kan náà ni wọ́n ti rà á, àwọn oko ńlá kàn rí i rà ní ẹ̀dínwó ni.

Ìdájọ́ dé ní ìdájí ọjọ́ Àìkú kan. Àbẹ̀kẹ́ gun orí igi inú kéèjì, ó na ọrùn, ó sì kọ. Gbogbo àdúgbò gbọ́ ọ. Ohùn náà há díẹ̀, ó kọ́kọ́ dà bí ohùn ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà, ṣùgbọ́n èkejì dán gbinrin. Ogbe tó pọ́n ṣáájú ti gbogbo wọn, àyà tó fẹ̀, ìrìn ẹni tó nilé, gbogbo wa ló rí i, Ọ̀gá nìkan ló ń retí ẹyin. Ìyàwó rẹ̀ ò sọ̀rọ̀. Ó kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣíìnì, ó ní, "Ẹ kú oríire àkùkọ o." Láti ọjọ́ náà ni Àbẹ̀kẹ́ ti ń jẹ́ Àkànní.

Àlàkẹ́ ló yé. Àlàkẹ́ orí pípá, tí wọn ò wọn ìdí rẹ̀ rí. Ẹyin náà kéré, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lẹ̀ mọ́ èèpo rẹ̀, bí àkọ́bí sábà máa ń rí. Kí oúnjẹ àárọ̀ tó jinná, ẹyin yẹn ti dé orí status, wọ́n ti yà á nínú àwo, lọ́wọ́ Ọ̀gá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó náírà kan kí ayé lè mọ bó ṣe tóbi tó. Àwọn èèyàn ń kọ ọ́ pé, "Congrats sir, a ó máa gbọ́ ohùn ayọ̀." Kò sẹ́ni tó dín in. Orí firíìjì ni wọ́n gbé e sí.

Ní ọjọ́ kejì, Ọ̀gá dúró ti Àlàkẹ́ láti aago mẹ́jọ, àkókò tí ti àkọ́kọ́ bọ́. Kò yé. Ẹyin kan a máa lo nǹkan bí wákàtí 25 nínú adìyẹ, bíi 20 nínú rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ṣe èèpo nìkan, nítorí náà á máa pẹ́ díẹ̀ sí i lójoojúmọ́ títí yóò fi fo ọjọ́ kan. Ọ̀gá ò mọ ìyẹn. Ó ti pe dókítà ẹranko. Dókítà ṣì ń wá ibi tí yóò gbé ọkọ̀ sí nígbà tí Àlàkẹ́ ké, ó sì gba owó ìrìnnà rẹ̀ pé.

Ọ̀sẹ̀ méjì kò tíì pé tí ìpolówó fi jáde lórí status kan náà: ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta lórí Zoom, bí ẹ ṣe lè fi ẹ̀yìnkùlé yín di olówó, 10,000 náírà lórí ẹnì kan, ẹni tó bá tètè san á san 7,500, ìwé ẹ̀rí wà. Àárọ̀ Sátidé tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo pàdé ìyàwó rẹ̀ lọ́jà Bódìjà. Kíréètì ẹyin méjì ló gbé dání.

Mo ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjà o. Ẹyin tún kẹ̀?"

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò rí mi, sà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi han àwọn ọmọ kíláàsì ni."