Èsì wa sí ìyá tí ó gun Òkè Sòbí lásìkò ọyẹ́

Ìyá wa, ẹ kú ìrìn àjò láti Ọ̀fà, a sì dúpẹ́ pé ẹ fara balẹ̀ kọ ohun tí ojú yín rí kí àwọn ẹlòmíràn lè kà á. Ẹ ní ohun mẹ́ta ni kò tẹ́ yín lọ́rùn lọ́jọ́ tí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ-ọmọ yín méjì bá amọ̀nà wa gun Òkè Sòbí nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́: ẹ kò rí ìlú Ìlọrin láti òkè, òkè náà kò ga tó bí a ṣe kọ ọ́ sára ìwé ìpolówó wa, amọ̀nà sì fi ohùn líle dá ọmọ lẹ́kun àwòrán yíyà.

Ti àkọ́kọ́ ni ó dùn wá jù, nítorí pé ìran ìlú yẹn gan-an ni a ń gbowó lé. Láti nǹkan bí oṣù Bélú títí di Èrèlé ni afẹ́fẹ́ máa ń fẹ́ wá láti ìhà àríwá òun ìlà-oòrùn, tí ó ń ru eruku aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀, tí eruku náà yóò sì bo ojú ọ̀run bí èéfín. Nígbà tí ojú ọjọ́ bá mọ́, ènìyàn a máa rí òrùlé páànù tí ó ti pọ́n lọ súà, a rí àwọn òpó gogoro Mọ́sálásí Ńlá tí wọ́n ṣí ní 1981, a sì rí igi tútù níbi tí Odò Àsà gbà kọjá. Lọ́jọ́ tí ẹ wá, díẹ̀ ni ojú lè rí kọjá ìdí òkè, amọ̀nà wa sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìdájí. Ó yẹ kí a ti pè yín kí ẹ tó gbéra nílé. A kò pè yín. Ẹ̀bi wa ni, kì í ṣe ti ọyẹ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ forí jì wá.

Ní ti gíga, mítà 394 tí a kọ kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n a kò sọ pé láti ìpele omi òkun ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Ilẹ̀ Ìlọrin fúnra rẹ̀ ti fi nǹkan bí mítà 300 ga ju òkun lọ, nítorí náà ohun tí ẹsẹ̀ yín gùn kò fi bẹ́ẹ̀ ju mítà 100 lọ. Ìbéèrè tí ẹ ní ọmọ-ọmọ yín àgbà bi amọ̀nà, pé níbo ni ìyókù òkè náà wà, ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni, ó sì yẹ kí wọ́n dá a lóhùn dáadáa. A ti tún ìwé náà kọ. Síbẹ̀, òkè yìí nìkan ló dá yọ láàrin ilẹ̀ tó tẹ́jú, àwọn àgbà ìlú sì máa ń sọ pé orí rẹ̀ ni àwọn ènìyàn sá sí nígbà ogun láyé àtijọ́.

Ní ti àwòrán, bárékè àwọn ọmọ ogun wà nítòsí Sòbí, òfin kò sì fàyè gbà á kí ènìyàn ya àwòrán irú ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ amọ̀nà tọ́, ohùn tí ó fi sọ ọ́ fún ọmọdé ni kò tọ́, a sì ti bá a wí. Ìsàlẹ̀ òkè ló yẹ kí ó ti ṣàlàyé.

Bí ẹ bá fẹ́ owó yín, gbogbo rẹ̀ ni a ó dá padà. Bí ẹ bá sì fẹ́ tún wá, ẹ jẹ́ kí òjò oṣù Igbe tàbí èyí tó tẹ̀ lé e fọ ojú ọ̀run ná. A ó mú yín gùn ún láìgba kọ́bọ̀, lọ́jọ́ kejì òjò, nígbà tí òkúta bá ti gbẹ, nítorí ó máa ń yọ̀ bí ó bá tutù. Ẹ pe nọ́ńbà tí ẹ fi bá wa sọ̀rọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ nọ́ńbà àkáǹtì yín síbí.