Gbèsè iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kì í ṣe ti èrò inú ọkọ̀

Nígbàkúùgbà tí mo bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àpótí kékeré kan máa ń yọjú sí mi kí n tó sanwó. Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ síwájú rẹ̀ ni pé bí mo bá lè fi owó díẹ̀ kún un, àwọn yóò bá mi gbin igi tí yóò fa èéfín ìrìnàjò mi mu. Èmi kọ́ ni mo ra ọkọ̀ náà, èmi kọ́ ni mo yan epo tí wọ́n rọ sínú rẹ̀, n kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pinnu iye ìgbà tí yóò fò lọ́sẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ èéfín dé, èmi ni wọ́n yíjú sí. Ní tèmi o, ohun tí iléeṣẹ́ kan fi owó àpò ara rẹ̀ ṣe ni mo fi ń mọ̀ bóyá ó gba ojúṣe rẹ̀ sí àyíká àti sí ọmọ ènìyàn.

Epo ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Bí kílógíráàmù 1 epo bàálù bá jóná tán, afẹ́fẹ́ káàbọ́ọ̀nù tó máa tú jáde lé ní kílógíráàmù 3, nítorí pé káàbọ́ọ̀nù inú epo náà máa ń fa ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, tí ìwúwo rẹ̀ yóò sì ju ti epo tí a rọ lọ. Nǹkan bí ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún káàbọ́ọ̀nù tí aráyé ń tú sófurufú láti ara epo, gáàsì àti èédú ló ń ti ara bàálù wá. Ẹnikẹ́ni lè sọ pé ìyẹn kéré, àmọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó wà láyé kì í wọ bàálù rárá láàárín ọdún kan, bẹ́ẹ̀ sì ni ìlà funfun gbọọrọ tí ọkọ̀ ń fà sẹ́yìn lójú ọ̀run náà máa ń sé ooru mọ́ ayé, a ò sì tíì ka ìyẹn mọ́ ìdá 2.5 náà.

Ohun tí iléeṣẹ́ lè ṣe sí i pọ̀, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ kò sì ní ariwo nínú. Ọkọ̀ tuntun bíi Airbus A320neo máa ń fi nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún dín epo tí irú rẹ̀ àtijọ́ ń jó kù. Awakọ̀ lè fi ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo rìn nílẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti balẹ̀, wọ́n sì lè máa fọ ẹ́ńjìnnì déédéé kí ìdọ̀tí inú rẹ̀ má baà mú un jẹ epo. Ṣùgbọ́n àṣà kan wà tí mo fi ń dán ẹ̀rí ọkàn wọn wò ju gbogbo ìyẹn lọ. Bí epo bá wọ́n níbi tí ọkọ̀ ń lọ, àwọn iléeṣẹ́ kan a máa rọ epo àlọ àti àbọ̀ pa pọ̀ níbi tó ti dínwó, ọkọ̀ á sì wúwo sí i, á wá máa jó epo kó tó lè ru epo. Àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù ti fi òfin ká a lọ́wọ́ kò: láti ọdún 2025, ó kéré tán ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún epo tí iléeṣẹ́ kan nílò lọ́dún fún àwọn ọkọ̀ rẹ̀ tó ń gbéra ní pápákọ̀ òfurufú kan níbẹ̀, ibẹ̀ náà ló gbọ́dọ̀ ti rà á. Tí mo bá ṣí ìròyìn ọdọọdún iléeṣẹ́ kan, ohun tí mo kọ́kọ́ ń wá nìyẹn. N kò tíì rí i nínú èyí tí wọ́n ya igbó kìjikìji sí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀.

Epo tuntun tí wọ́n sábà máa ń fi òróró àlòkù àti ọ̀rá ẹran ṣe dára, n kò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá ọdún 2023, ọkọ̀ Virgin Atlantic kan fi irú epo bẹ́ẹ̀ nìkan fò láti Lọ́ńdọ̀nù dé New York. Àmọ́ ní ọdún 2024, gbogbo èyí tí wọ́n rí ṣe lágbàáyé kò tó ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún epo tí àwọn bàálù lò, nítorí pé ó wọ́n ju epo àtijọ́ lọ gan-an, òróró àlòkù tó wà láyé kò sì lè kárí. Òfin Yúróòpù ní kí àwọn tó ń ta epo bàálù fi ìdá 2 rẹ̀ lú tiwọn láti ọdún 2025, kó di ìdá 6 ní 2030, kó sì di ìdá 70 ní 2050. Ọ̀nà ṣì jìn. Iléeṣẹ́ tó bá wá da ìwọ̀nba díẹ̀ sínú ọkọ̀ mélòó kan, tó sì fi ewé tútù ṣe ọ̀ṣọ́ sí gbogbo ìpolówó rẹ̀, ń tan ara rẹ̀ àti oníbàárà rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ilé ẹjọ́ kan ní Amsterdam dá a pé àwọn ìpolówó kan tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú KLM ṣe ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà, torí pé wọ́n mú kó dà bíi pé igi gbígbìn àti epo tuntun lè nu èéfín ìrìnàjò nù ju bó ṣe rí gan-an lọ.

Ní ti ọmọ ènìyàn, ìwé wọn kì í gùn tó bẹ́ẹ̀. Mo rántí ìrìnàjò kan tí a ti balẹ̀, tí gbogbo èrò ti sọ̀ kalẹ̀ tán, tí obìnrin kan ṣì jókòó sí àga iwájú tó ń retí àga onítáyà rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, táyà kan ti wọ́ sínú, ibi ìgbápálé rẹ̀ kan sì ti yọ. Obìnrin náà kò pariwo. Ó kàn ń fi àtàǹpàkò tẹ ibi tó ṣẹ́ náà, ó tún ń tẹ̀ ẹ́, òṣìṣẹ́ tó gbé e wá sì ń ṣàlàyé fún un pé agbaṣẹ́ṣe ni òun, pé òun kì í ṣe ti iléeṣẹ́ ọkọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi, torí pé ẹ̀gbọ́n àpótí kékeré yẹn ni: ẹlòmíràn ni kó máa gbé ẹrù náà. Irú ìwà yìí ti di ẹjọ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ìjọba Amẹ́ríkà bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 50 dọ́là lé American Airlines lórí nítorí ìwà tí wọ́n hù sí àwọn èrò tó ní ìpèníjà ara àti àga onítáyà tí wọ́n bà jẹ́. Ní Ọsirélíà, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Qantas gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní 1,700 tó ń gbé ẹrù tó sì ń tọ́jú ọkọ̀ nílẹ̀, ó gbé e fún àwọn agbaṣẹ́ṣe lọ́dún 2020. Ní 2023, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kò bófin mu.

Ọ̀rọ̀ ife páálí tí wọ́n fi rọ́pò ti ike ńkọ́? Ó dára, àmọ́ ká máa fi etè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá ni.

Àwọn kan yóò ní ká fún wọn láyè kí wọ́n tún ara wọn ṣe. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ètò pé kí àwọn iléeṣẹ́ máa sanwó lórí èéfín wọn, tí ICAO, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé tó ń rí sí ìrìnnà òfurufú, fọwọ́ sí ní 2016, yóò di dandan fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè láti ọdún 2027, ṣùgbọ́n ìrìnàjò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn nìkan ló kàn, èéfín tó bá sì lé ní ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ti ọdún 2019 nìkan ni wọ́n ń sanwó lé lórí. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ìlà yẹn, ọ̀fẹ́ ni.

N kì í fọwọ́ kan àpótí yẹn mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kọ̀wé sí iléeṣẹ́ kan tí mo fẹ́ bá rìnrìnàjò, mo bi wọ́n ní ìbéèrè méjì: irú ọkọ̀ wo ni yóò gbé wa, ǹjẹ́ wọ́n sì máa ń ru epo àbọ̀ dání? Èsì dé lọ́jọ́ kejì. Wọ́n dúpẹ́ gidigidi pé mo fẹ́ràn àyíká, wọ́n sì fi ìlujá ojú ewé tí àpótí náà wà ránṣẹ́ sí mi.